Bí Wọ́n Ṣe Lé Ọ̀gá Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Jabez Truscott kò fẹ́ràn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́ sí etí adágún ní Kánádà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ibẹ̀ gan-an, Àlùfáà Lemuel Harcott, ni kò fẹ́ rí sójú rárá. Ó ti pẹ́ tí Jabez ti ń gun ẹṣin kiri inú igbó láti wàásù, kò sì ka ìwé kankan ju Bíbélì lọ. Ó rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọmọ padà dé, ó ń tijú bí bàbá rẹ̀ bá ń gbàdúrà. Ọ̀rọ̀ náà dun Jabez wọra.

"Bí mo bá wà láyé," ó ní, "ọkùnrin yẹn á kúrò lórí àga yẹn."

Ọ̀nà sì wà. Lọ́dọọdún, níbi ìpàdé gbogbo oníwàásù, wọn a pe orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni náà a jáde síta, àwọn arákùnrin a sì sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀. Ibi tí ìpàdé bá rán oníwàásù ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń yan ipò fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀la, Keturah, ìyàwó ọ̀gá, pe Jabez wá mu tíì.

"Bàbá Truscott, inú ìwé ni ọkọ mi ti ń ka ìwàásù o. Láti Ọdún Àjíǹde, kì í jí sí àdúrà òwúrọ̀ mọ́."

"Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló ń sọ èyí?"

"Èmi náà ni. Tí wọ́n bá lé e, ibo ni wọ́n máa ń rán irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Inú igbó ni! Kó lọ máa sùn lórí gàárì bíi tèmi, kí yànmùyánmú jẹ ẹ́ lójú!"

Keturah bu tíì kún ife Jabez. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Jabez sọ ọ́ nínú ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe Harcott. Ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Jabez dìde, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ti ọmọ rẹ̀ kún un.

"Ṣé ẹni tí kò lè jí gbàdúrà la ó máa kó ọmọ wa fún?"

"Rárá o!" ni wọ́n pariwo.

Alága lu tábìlì: kí Harcott fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, kí ó lọ máa wàásù nínú igbó tó jìnnà jù lọ. Ara Jabez kò gbà á mọ́. Ó sáré jáde kí ó lè rí omijé ọ̀tá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti di gbogbo ẹrù ilé Harcott sórí rẹ̀ pinpin, Keturah ti jókòó síwájú, ọkọ rẹ̀ sì di ọwọ́ Jabez méjèèjì mú: "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá mi padà sínú igbó, wọn kò gbà, àfi ìgbà tí ìyàwó mi ní kí a fi ọ̀rọ̀ náà lé yín lọ́wọ́."