Òkété Tí Wọn Kò Kà Mọ́ Aláìníṣẹ́

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó dúró lẹ́nu ihò Òkété.

Oṣù mẹ́fà ni Òkété fi wá iṣẹ́ kiri igbó kó tó sú u, ló bá jókòó sílé. Kìnnìún ọba wá rán Ehoro pé kó ka àwọn aláìníṣẹ́, kí òun lè pín oko fún wọn.

"Ṣé o wáṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí?" ni Ehoro bi Òkété nígbà tó dé ẹnu ihò rẹ̀.

"Ó ti sú mi, ìránṣẹ́ ọba."

"Á jẹ́ pé ṣe lò ń sinmi. N kò lè kà ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Ehoro fo gbogbo ẹni tí wíwá iṣẹ́ ti sú. Ó jíṣẹ́ fún ọba pé kò sí aláìníṣẹ́ kankan nínú igbó. Ọba bú sí ijó, kò sì pín oko mọ́.

Inú bí Òkété. Ó kó gbogbo àwọn tí Ehoro fò lọ sáàfin, ó ń dárin, wọ́n ń gbè é:

Ọba, a fẹ́ṣẹ́ ṣe o,
*Ẹ kà wá mọ́ wọn!*
Ebi ò gbà pé a ń sinmi,
*Ẹ kà wá mọ́ wọn!*

Kìnnìún figbe ta: "Ehoro! Láti àná sónìí, níbo ni gbogbo èyí ti yọ?"

"Kábíyèsí," Òkété dá a lóhùn, "ebi wa ti pẹ́. Kíkà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn wá."

Ojú ti ọba, ó pín oko fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé: ẹni tí wíwá iṣẹ́ sú kò tíì níṣẹ́ o.