Ibi Tí Ọwọ̀ Bá Dé

Ní ìdájí, Màmá Fadérera ń gbá àgbàlá ilé tí àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ́ sẹ́bàá igbó ọba. Ẹ̀rọ ìjọba fò wá bí ìṣe rẹ̀, ó ń wo ipa ọwọ̀ lórí iyanrìn, nítorí òfin kò gbà kí wọ́n kọ́lé tuntun sórí ilẹ̀ tí wọ́n bá ń gbá lójoojúmọ́.

"Màmá, ẹ ti dàgbà," ni ẹ̀rọ náà wí. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ̀ yẹn sinmi."

Màmá kọtí ikún. Ó gbálẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ó wọ àárín àwọn èèkàn tí wọ́n ti kàn mọ́lẹ̀ fún ilé tuntun.

"Màmá, ibẹ̀ kì í ṣe tiyín."

"Òfin yín ò béèrè ẹni tó ni ín," ni ó wí, ó ń gbá a lọ. "Ọwọ̀ ló béèrè."