Ọ̀já Pupa Tó So Mànàmáná Mọ́ Rọra

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ kan, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sára ògiri tó kọjú sí pápá: A KÒ NÍ FI ẸNÌKAN SÍLẸ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ọmọ tó ń dá ṣe eré ìdárayá. Méjì méjì ni Àǹtí Eré, olùkọ́ tó ń darí eré, máa ń so wọ́n pọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹnìkan mọ́ ọwọ́ òsì ẹnìkejì, pẹ̀lú ọ̀já pupa. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí, ẹnìkejì náà á yí.

Ti Mànàmáná nìkan ni kì í yí. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé-ìwé náà, Rọra ni wọ́n so ó mọ́.

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Mànàmáná, nítorí eré sísá. Rọra ní tirẹ̀ ni ọmọ tó wọ irin sẹ́sẹ̀ òsì, tó ń tẹ ọ̀pá. Gbogbo ìgbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni kíláàsì máa ń pariwo “Rọra o, rọra”, títí ó fi di orúkọ rẹ̀.

Mànàmáná kò kórìíra Rọra. Ọ̀já náà ló kórìíra. Ilé-ìwé tó wà tẹ́lẹ̀ kì í jẹ́ kó ṣeré rárá. Abẹ́ igi ni wọ́n máa ń ní kó jókòó sí, ìyá rẹ̀ sì ní àwọn èèyàn ibẹ̀ kò mọ eré ni. Nílé, ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá ń wẹ̀, ìyá rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà bíi sọ́jà.

“Ṣé o wà níbẹ̀?”

“Níbo ni mo tún fẹ́ lọ, Màámi? Ọṣẹ wà lójú mi.”

Tó bá fi máa jáde, oògùn tí wọ́n pè ní ti ẹ̀jẹ̀ á ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ife omi. Ó wá dé ilé-ìwé tí wọ́n ti ń ṣeré, wọ́n sì so ó mọ́ ẹni tí kò lè sáré.

Ó gbìyànjú láti fara dà á. Ṣùgbọ́n Rọra a máa dá wọn dúró lọ́nà tí kò yé e. Wọ́n á jọ dúró sórí ìlà, Àǹtí Eré á gbé fèrè sẹ́nu, Mànàmáná á múra láti sáré. Kó tó mọ̀, àwọn yòókù á ti dé ìdajì pápá, òun ò sì gbọ́ fèrè. Rọra á ti fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀pá rẹ̀ á wà nílẹ̀, àwọn tó kù létí pápá á sì dákẹ́. Mànàmáná gbà pé Rọra ló ń ṣe wọ́n láàánú.

“O tún dá wa dúró.”

“Má bínú,” ni Rọra máa ń sọ.

Lẹ́yìn eré, Àǹtí Eré á pe Rọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé ó dé lónìí?”

“Ó dé lẹ́ẹ̀kan, mà. Kò pẹ́.”

“Ṣé o fara balẹ̀?”

“Mo fara balẹ̀, mà.”

Mànàmáná máa ń gbọ́ wọn. Ó rò pé ẹsẹ̀ tó ń dun Rọra ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí ìdíje ọdọọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ìròyìn kàn pé kóòṣì ilé-ìwé girama ń bọ̀ wá wòran. Ọmọ tí eré rẹ̀ bá wù ú, yóò máa kọ́ ọ ní gbogbo Sátidé. Mànàmáná lọ bá Àǹtí Eré ní yàrá àwọn olùkọ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sáré. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Ìwọ àti Rọra ni.”

“Ẹ so òun mọ́ ẹlòmíì.”

“Ẹlòmíì ò mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiyín.”

“Ẹ bi òun náà wò, Àǹtí. Á ti sú u.”

“Mo ti bi í,” ni Àǹtí Eré wí. “Ó ní kò sú òun.”

Lọ́jọ́ ìdíje, pásítọ̀ gbàdúrà, àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyá Mànàmáná sì wà níwájú pátápátá, báàgì lórí itan. Kóòṣì dé fìlà funfun, ó dúró nídìí okùn ìparí. Ẹ̀gbẹ́ kejì pápá, níbi tí gọ́tà jíjìn gbà kọjá, kò sí òǹwòran kankan.

Lórí ìlà, Mànàmáná fi eyín tú kókó ọ̀já náà.

“Má tú u,” ni Rọra wí jẹ́ẹ́.

“Títí dìgbà wo lo fẹ́ kí n fi wà lẹ́wọ̀n ẹ?”

Rọra lanu, ó wo ibi tí Àǹtí Eré dúró sí, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

Fèrè dún. Mànàmáná gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó já ọwọ́ gbà, ọ̀já bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ́ lu eré. Kò sẹ́ni tó wà níwájú rẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì di tirẹ̀. Ó rí fìlà funfun, ó rí okùn tí wọ́n nà, ó rí kóòṣì tó tẹ̀ síwájú láti wò ó dáadáa.

Kó tó mọ̀, okùn ti wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ tó fi sẹ́yìn ti kọjá okùn náà, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Etí gọ́tà ló wà, imú bàtà rẹ̀ ti yọ sórí kòtò. Rọra dojú bolẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọ̀pá Rọra wà lọ́ọ̀ọ́kán láàárín pápá.

“O tún dá mi dúró,” ni Mànàmáná wí. “Ó kù díẹ̀ kí n débẹ̀. Kí ni mo ṣe fún ẹ gan-an?”

Rọra kò tíì lè mí délẹ̀.

Àǹtí Eré àti ìyá Mànàmáná sáré dé. Ìyá kò rántí báàgì rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó fa ọmọ rẹ̀ kúrò létí gọ́tà, ó gbá a mọ́ra, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àǹtí Eré kúnlẹ̀ ti Rọra nínú iyẹ̀pẹ̀.

“Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ,” ló sọ fún un, “ohun tí mo ní kó o ṣe náà lo ṣe nígbà tó ń rìn lọ sí gọ́tà láìmọ̀, o dì í mú títí ojú ẹ̀ fi padà wálẹ̀, àwa àgbà ni ò jẹ́ kó mọ̀ pé òun ni wárápá máa ń gbé lọ.”