Obì Inú Garawa

Àlájì Fàsásì, oníṣòwò obì ní Ṣàgámù, kì í jẹ́ kí ayálégbé kankan ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Bàbá náà fàyè gba àlejò kan láti gbin obì. Igi so, àwọn àgbà sì ní ẹni tí onílẹ̀ bá fàyè gbà gbin obì sílẹ̀ kò ṣeé lé mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Morónkẹ́, opó aránṣọ ará Ìkẹ́nnẹ́ tí òun àti Dúrótìmí ọmọ rẹ̀ yá ilé Àlájì gbé ní àdúgbò Ibido, ní òun fẹ́ gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé, Àlájì ní kó lọ wá garawa.

"Ohun tí ọ̀lẹ lè gbìn ni kó o gbìn. Gbúre, tẹ̀tẹ̀, efinrin. Ìwọ̀nyẹn kì í bèèrè ọgbọ́n."

Morónkẹ́ dúpẹ́. Lójú Bàbá Yésúfù, olórí àdúgbò, ó bèèrè bóyá òun lè fi igi obì kan kún un.

Àlájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obì, nínú garawa! "Bàbá Yésúfù, ẹ gbọ́ o, mo fàyè gbà á. Tó bá so, kó pè mí wá jẹ ẹ́."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Morónkẹ́ ń fi òòlù lu garawa lẹ́yìnkùlé. Ó ní omi gbọ́dọ̀ ráyè jáde.

Ọdún ń gorí ọdún, Àlájì ń kó obì lọ sí Kánò, ó ń bọ̀. Bó bá yà ní Ibido, òkèèrè ló ti máa ń nàka sí àwọn garawa náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wá wo oko Ìyá Dúrótìmí. Wọ́n ní obì náà ti ga ju fèrèsé lọ. Àlájì ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, ṣé ó lè ní àkísà tó àgbà?

Lọ́dún tí àwọn sọ́jà padà gbàjọba, ẹnì kan fẹ́ ra ilé náà, Àlájì sì ní kí Morónkẹ́ kó jáde. Morónkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní Dúrótìmí kò tíì jáde ìwé, àwọn kò sì níbi tí àwọn máa lọ. Ó gbé obì mẹ́ta síwájú Àlájì nínú àwo.

"Ẹ ní kí n pè yín tó bá so."

Àlájì fi ẹsẹ̀ ti àwo náà. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá Yésúfù kó wá jẹ́rìí sí i pé obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ tán, tigitigi, tewétewé.

Morónkẹ́ gbé garawa gbúre, ó gbé ti tẹ̀tẹ̀ àti ti efinrin. Ó wá dúró.

"Ti obì yìí kò ṣeé gbé fún mi, Àlájì. Ẹ bá mi gbé e."

Àlájì pòṣé, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó sì fi gbogbo agbára fa garawa náà. Irin tó ti dípẹtà ya mọ́ ọn lọ́wọ́, garawa náà kò ní ìdí, igi obì náà kò sì mì rárá níbi tó ti ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀ láti ọjọ́ tí Àlájì ti fàyè gbà á lójú Bàbá Yésúfù.