Yàrá Sinimá Tó Kọ̀ Tí Kò Tutù

"Ta ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lẹ́sẹ̀?"

Ìyá àgbà ló béèrè, láti yàrá wọn lókè.

Ọwọ́ mi dí.

Yàrá sinimá tí bàbá mi kọ́ sábẹ́ ilé gbóná bí ààrò. Èmi ni mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé kí wọ́n má pe oníṣẹ́, pé èmi tí mo kàwé gboyè ni màá so ẹ̀rọ amúlétutù náà.

Aago mẹ́rin ni àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ wá wo fíìmù. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Mo ti ṣírò ooru iná. Mo ti ṣírò ooru ara èèyàn mẹ́jọ. Mo tiẹ̀ ṣírò ti ajá.

Bàbá mi ń nu òógùn. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé a fẹ́ se àwọn àna wa jẹ ni?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, sà."

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Atẹ́gùn tútù ń wọnú páìpù. Ibo wá ló ń gbà lọ? Mo tún ń ya àwòrán ọ̀nà tí páìpù gbà, ẹlẹ́ẹ̀keje.

Ìyá àgbà rọra sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n wọ súẹ́tà méjì lé ara wọn, wọ́n dé fìlà onírun, wọ́n sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora.

Wọ́n jókòó síwájú, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ibí yìí mà dára o. Láti ìgbà tí o ti so páìpù yẹn gba ògiri mi ni òtútù ti fẹ́ pa mí."

Bàbá mi kàn ń wo súẹ́tà tó wà lórí èkejì.

Tèmi ni. Èmi ni mo bá wọn wọ̀ ọ́ láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ní òtútù ń mú wọn.