Okùn Etí Ìkarahun

Ilẹ̀ ibojì ọkọ Àyọ̀ká kò tíì gbẹ tí Láṣèbíkan, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, fi pa ìjàpá tí olóògbé náà ń sìn jẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń sìn ín. Ó lu ihò sí etí ìkarahun rẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ ìdí ọsàn, ó sì ń já ewé fún un láràárọ̀. Láṣèbíkan wá sọ ìkarahun náà di àwo omi adìẹ, kò tilẹ̀ tú okùn ara rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé torí ẹran lásán lo ṣe ń fajú ro?" Ó ń fi igi tayín. "Ó dùn ju ìgbín lọ."

"Á gba ibi ire lọ, bàbá," ni Àyọ̀ká wí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó gbọ́ ohun kan tó ń wọ́ nílẹ̀ lágbàlá. Á wọ́, á dákẹ́, á tún wọ́. Ó gbé àtùpà jáde. Omi adìẹ ti dànù, ipa rẹ̀ sì lọ tààrà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni ìkarahun náà ti ń lọ, tó ń wọ́ okùn rẹ̀ lẹ́yìn. Iná àtùpà gba ojú ọrùn rẹ̀ wọlé, ó sì yọ lódìkejì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ó dé ẹnu yàrá Láṣèbíkan, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, ta nìyẹn?" Láṣèbíkan ké láti inú yàrá.

Àyọ̀ká fẹ́ àtùpà pa.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, bàbá. Àlejò yín ni."