Ṣíbí Tí Wọn Ò Lù Lẹ́yìn Ọmọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, bó tilẹ̀ máa rí yín lára bó ṣe rí mi lára.

1. Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa lọ sílé àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Á bá ọmọ ṣeré, á kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ lè jí, á sì kọ ohun tó rí sínú fọ́ọ̀mù. Aunti Kòsíṣòro làdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń kọ nìyẹn. Oṣù méjì péré ló fi lọ sílé wọn. Lẹ́yìn náà, orí àga nílé rẹ̀ ló ti ń fi fóònù ṣe àbẹ̀wò. Ẹ gbọ́ ìwàkíwà!

2. Fọ́ọ̀mù ní kó fi ṣíbí lu ife lẹ́yìn ọmọ, kó wò ó bóyá á yíjú. Ó pe aránṣọ kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún kan.

"Ìyá ọmọ mi, ṣé ọmọ ń dáhùn tí ẹ bá pè é?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dúró níwájú ẹ̀. Tí mo bá pè é látẹ̀yìn, kì í wò mí. Aunti, ṣé kí n gbé e lọ sí ọsibítù ni?"

"Ẹ má da ara yín láàmú jàre! Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, kí ló tún kù? Mo ti máàkì ẹ̀."

Ìyá gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán wá gbọ́?

3. Ọdún méjì kọjá. Ọ́fíìsì tó gba Aunti síṣẹ́ rán bàbá kan wá láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ètò àbẹ̀wò náà ń ṣe àwọn ọmọ láǹfààní. Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n bàbá náà ń wọ ilé kiri. Nílé aránṣọ, ọmọ ń to ìdérí ìgò lọ́wọ́. Bàbá fi ṣíbí lu ife lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún lù ú kíkankíkan. Ọmọ ò yíjú.

"Ìyá, etí ọmọ yìí ò gbọ́ nǹkan kan."

Aránṣọ figbe ta. "Wọ́n ní kò sí nǹkan! Mo ti ń nà án látọjọ́ yìí, mo rò pé olórí kunkun ni!"

Wọ́n lé Aunti kúrò níṣẹ́. Ó sáré wá sílé aránṣọ, ó kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ foríjì mí, ilé ló pọ̀ jù."

"Ẹ má bẹ èmi. Òun ni kẹ́ ẹ bẹ̀."

Ó yíjú sí ọmọ náà, ó bẹ̀ ẹ́ títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n fa ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́, ẹ má kọ ohun tí ẹ ò fojú rí. Ẹ̀yin ìyá, tí ọkàn yín bá ń sọ pé nǹkan ń ṣe ọmọ yín, ẹ gbé e lọ, ẹ má dúró de ìwé ẹnikẹ́ni. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá.